Kóòtù Lè Dúró De Owó Oṣù

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan lóṣù tó kọjá, àbúrò mi kan pè mí láti Ìkirè. Ilé Màámi ní Àpòmù ni mo wà. Ọmọ náà ò tíì kí mi tán tó fi pariwo pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ o!" Mo fò dìde lórí àga. Ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Ìkirè níbẹ̀ ló ti kàwé jáde, ó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ó sì ti lé lọ́dún kan tó ti ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ kiri. Ilé iṣẹ́ kan n'Ìbàdàn ló ní kó wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé èyí tó ń bọ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló kù.

Ìgbà tí ayọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀ ló tó sọ ohun tó tìtorí ẹ̀ pè. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́, pé aṣọ "corporate" ni òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Kò ní kóòtù kankan. Ó ti rí méjì lórí Instagram, 240,000 náírà ni àpapọ̀ owó wọn. Ó ti yá 60,000 náírà lórí áàpù ayánilówó kan tó fẹ́ fi san àsansílẹ̀, ó wá fẹ́ kí n bá òun wá ìyókù.

Mo ní, "Èló ni wọ́n máa san fún ẹ lóṣù?"

Ó ní 120,000 náírà.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ o. Owó oṣù méjì gbáko, láìtíì jẹun, láìtíì wọ mọ́tò, ni ẹni tí ò tíì fìdí kan àga ọ́fíìsì fẹ́ kó lé aṣọ méjì lórí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Ohun tí èmi náà ṣe nígbà tèmi burú ju tiẹ̀ lọ, torí owó ìyá mi ni mo fi ṣe é. Nígbà tí mo fẹ́ wọ Law School, kóòtù dúdú, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì dúdú àti bàtà dúdú kì í ṣe ọ̀rọ̀ bó wù mí bí ò wù mí, dandan ni. Màámi lọ bẹ alájọ pé kó fún òun lówó òun kí oṣù tó parí, ó sì kó gbogbo ẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo kọjá lára àwọn télọ̀ Àpòmù bí ẹni pé wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù olómi-tútù kan nígboro, mo ra kóòtù tó ń dán bí ẹ̀yìn yànmùyánmú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fọ̀ ọ́, iwájú ẹ̀ wú kúlúkúlú bí ara ọ̀pọ̀lọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ̀ ọ́ dé òpin ọdún náà.

Télọ̀ kan ló ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ aṣọ inú irú kóòtù bẹ́ẹ̀ mọ́ aṣọ òde. Bí omi àti ooru áyọ́ọ̀nù bá ti kàn án, gọ́ọ̀mù á tú níbì kan, á dì mú níbòmíràn. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá fẹ́ ra kóòtù, mo máa ń fi ìka méjì fa àyà ẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Tí mo bá rí i pé aṣọ inú ń rìn lọ́tọ̀, aṣọ òde ń rìn lọ́tọ̀, mo mọ̀ pé abẹ́rẹ́ àti òwú ló so wọ́n pọ̀. Tó bá lẹ̀ gbagidi bíi páálí, mi ò ní jẹ́ kó fojú kan omi, tí mo bá tiẹ̀ rà á.

Àwọn àgbà ló sọ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Mi ò bá wọn jiyàn. Ẹni tó wọ aṣọ jákujàku dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ojú tí wọ́n á fi wò ó lè pẹ́ kó tó kúrò lára ẹ̀. Àmọ́ àwọn àgbà yìí kan náà ló ní ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò bá fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń báni mu. Lójú tèmi, owó áàpù ni ṣòkòtò àgbàwọ̀ ayé ìsinsìnyí. Nígbà tí mo ní kí àbúrò mi ṣí fóònù ẹ̀ fún mi, mo rí i pé 60,000 ni wọ́n kọ sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ 49,000 ló wọ àkáǹtì ẹ̀. Wọ́n ti yọ èlé wọn sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n dá fún un. Iṣẹ́ ò ní bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ mẹ́wàá sí i, owó oṣù sì di ìparí oṣù tó bá ṣe níbẹ̀, ìyẹn nǹkan bí ogójì ọjọ́ sí ọjọ́ tó yáwó. Báwo ni ẹni tó ń retí owó lógójì ọjọ́ ṣe fẹ́ san gbèsè ọjọ́ mẹ́rìnlá? Áàpù mìíràn ló máa yá a. Bó ṣe ń di ẹ̀wọ̀n nìyẹn.

Ẹ sì mọ ohun tó ń tẹ̀ lé e. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà ẹ̀ wà lórí fóònù onígbèsè pé olè ni. Òfin wà fún un o. Lọ́dún 2022 ni àjọ FCCPC ti gbé ìlànà jáde fún àwọn ayánilówó orí fóònù, òfin tó ń dáàbò bo dátà ará ìlú ti wà láti ọdún 2023, ọdún yẹn náà ni Google ní kí áàpù ayánilówó má ṣe wọlé sí ibi tí a tọ́jú nọ́ńbà èèyàn sí mọ́. Bí ẹjọ́ bá délé ẹjọ́, mo mọ ohun tí màá sọ. Àmọ́ nọ́ńbà ọ̀gá tuntun ti wà nínú fóònù ọmọ yẹn. Bí ọ̀gá bá fi lè rí irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kóòtù wo ló fẹ́ bo ìyẹn?

Nítorí náà, gbèsè la kọ́kọ́ san. 49,000 ṣì wà nílẹ̀, mo fi 11,000 kún un, ó dá a padà láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó sì yọ áàpù náà kúrò lójú mi. Lẹ́yìn ìyẹn la lọ wọ mọ́tò n'Ìkirè, pẹ̀lú dòdò Ìkirè lọ́wọ́ (kò sí bí mo ṣe máa kọjá níbẹ̀ kí n má rà á), a kọjá Aṣẹ́jìrẹ́, a sọ̀ kalẹ̀ ní Gbági Tuntun. Ẹni tó bá ń ti ọ̀dọ̀ wa bọ̀ wá s'Ìbàdàn, ọjà aṣọ yẹn ló máa kọ́kọ́ kàn kó tó dé Ìwó Róòdù. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ló máa ń wo ibẹ̀ láti ojú fèrèsé mọ́tò, bí ẹni pé ibi tí àwọn ìyá ti ń ra aṣọ ẹbí nìkan ni.

Ibẹ̀ la ti ra aṣọ ṣòkòtò méjì, dúdú kan, búlúù tó ṣú kan, yáàdì kan ààbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 9,000 náírà lẹ́yọ. Kaṣimíà ni wọ́n ń pè é. Orúkọ lásán ni, irun ewúrẹ́ kankan ò sí nínú ẹ̀, àmọ́ kì í tètè rún, kì í sì í ṣí ní àwọ̀.

A ò rán an n'Ìbàdàn. A gbé e padà wálé fún bàbá télọ̀ kan ní Àpòmù, ẹni tó ti ń rán aṣọ kí wọ́n tó bí mi. 6,000 náírà ló gbà lórí ṣòkòtò kan. Ó ní kí a lọ wá ṣẹ́ẹ̀tì wá kí òun bá a tún un ṣe, ó wá kìlọ̀ fún àbúrò mi pé, "Ọmọ mi, ejìká ni kó o kọ́kọ́ wò o. Mo lè gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, mo lè gé ọwọ́ kúrú, mi ò lè ṣe ejìká." Gbólóhùn yìí nìkan tó owó ọkọ̀ tí a ná.

Ọjà Àpòmù ti wà kí ogun Òwu tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ti yí padà, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Lẹ́bàá ibẹ̀ la ti dojú kọ òkìríkà, tí àwọn ìyá wa ń pè ní bọ́síkọ́nà. A dẹ́rù wò fún bíi wákàtí kan àbọ̀. Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ló máa ń gbó ṣáájú, lẹ́yìn náà abíyá, lẹ́yìn náà etí ọwọ́. Màá wá gbé e sókè sí oòrùn. Ihò tí ò hàn lórí ẹní ọjà, oòrùn á fi hàn. Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin la mú, funfun méjì àti búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì, 3,500 lẹ́yọ. Bàbá télọ̀ gba 500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan láti gba ẹ̀gbẹ́ wọn wọlé. Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lórí ṣòkòtò méjì, ọ̀nà mẹ́jọ lèèyàn lè gbà wọ̀ ọ́. Bàtà dúdú olókùn, 18,000. Bẹ́líìtì, 3,000. Táì méjì, 3,000. Ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 2,500. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 72,500 náírà. 77,000 ni ìjọba ń san fún àgùnbánirọ̀ lóṣù. 45,000 wà lọ́wọ́ ọmọ náà látinú owó tó fi pa mọ́, mo fi ìyókù kún un.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ pé, "Lọ́yà, ṣé òkìríkà bófin mu?" Ó wà lára ọjà tí kọ́sítọ̀ọ̀mù ní kò gbọ́dọ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí rárá. Síbẹ̀ ó ń gba Kùtọnu wọlé lójoojúmọ́, kò sì sí ìlú tí kò ti sí lórí àtẹ. Ní Gánà, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní aṣọ òyìnbó tó ti kú, odidi ọjà Kantamanto ní Accra ló ń jẹ lára ẹ̀, ìyẹn ọjà tí iná jó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Àwọn tó ń hun aṣọ nílẹ̀ yìí ní ẹjọ́ gidi lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò ní díbọ́n pé wọn ò ní. Àmọ́ tí ìjọba bá fẹ́ mú òfin náà ṣẹ, ẹnu ibodè ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lọ́rùn ọmọ tó ń wá ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì.

Bí a ṣe ń padà lọ s'Ìkirè lórí ọ̀kadà, ó bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, kóòtù ńkọ́?" Èmi náà bi í pé, "Ta ló ní kóòtù ni? Lẹ́tà ní 'corporate.'" Mo ní kó pe ẹni tó fọwọ́ sí lẹ́tà náà lọ́jọ́ Ajé, kó fi ọ̀wọ̀ béèrè. Ó kọ́kọ́ lọ́ tìkọ̀. Ó ní wọ́n á rò pé òun ò lówó. Mo ní, ṣé ó lówó ni? Ó pè. Ìyáàfin tó gbé fóònù ní ṣẹ́ẹ̀tì, táì àti ṣòkòtò tó mọ́ ti tó, àwọn tó ń lọ bá oníbàárà níta nìkan ni wọ́n ń retí kóòtù lára wọn. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọn ò là yéni nínú lẹ́tà ló fẹ́ kó 240,000 náírà sí ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn.

Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́ ni mo wá dojú ọ̀rọ̀ kọ báyìí. Iṣẹ́ ni òṣìṣẹ́ máa kọ́kọ́ ṣe kẹ́ ẹ tó sanwó, kò sẹ́ni tó ń bá yín jà lórí ìyẹn. Àmọ́ aṣọ tí ẹ ń béèrè ń ṣíwájú owó tí ẹ fẹ́ san pẹ̀lú oṣù kan gbáko, inú àlàfo yẹn ni àwọn ayánilówó pàgọ́ sí. Àjọ NYSC, pẹ̀lú gbogbo àléébù tí a máa ń kà sí i lẹ́sẹ̀, máa ń fún àgùnbánirọ̀ ní kákí àti bàtà ní ibùdó kó tó rán an lọ síbi iṣẹ́. Kí ló dé tí ilé iṣẹ́ tó ń kéde èrè lọ́dọọdún ò lè fún ẹni tuntun ní owó aṣọ díẹ̀, kódà kó jẹ́ àwìn tí wọ́n á máa yọ díẹ̀díẹ̀ láìsí èlé? Tí ìyẹn bá nira, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà ní kedere pé títí owó oṣù kejì á fi wọlé, ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò tó mọ́ ti tó. Orílẹ̀-èdè Japan, tó fẹ́ràn kóòtù tó bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ẹ̀ yẹn, bẹ̀rẹ̀ ètò kan lọ́dún 2005 tí ìjọba fi ní kí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ kóòtù àti táì sílẹ̀ nígbà ooru. Ooru tiwọn ni o, kì í ṣe ooru oṣù kẹta n'Ìbàdàn tí kò síná.

Ẹ̀yin tí ẹ sì máa ń yọ owó ìtanràn nínú owó oṣù ẹni tó bá gbàgbé táì, ẹ lọ ka abala karùn-ún Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa. Kò fàyè gbà á. Lóòótọ́, òfin náà yọ àwọn tó wà nípò alákòóso àti àwọn amọ̀ṣẹ́dunjú sílẹ̀ nínú àwọn tó ń pè ní òṣìṣẹ́. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ọmọ tí ẹ ń san 120,000 fún tíì di alákòóso.

Ọmọ náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Ó máa ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì méjì lálẹ́ ọjọ́rú, méjì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó sì ń lọ̀ wọ́n nígbàkígbà tí iná bá dé, ì báà jẹ́ aago méjì òru. Bàbá télọ̀ ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì ìgbà tó máa wá wọn kóòtù. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù kí owó oṣù kejì wọlé ná.