Ogún Ọdún Ń Bọ̀ Wá Ku Ọ̀la

Bí òwe yìí bá jáde lẹ́nu òṣìṣẹ́ ní àgbègbè ilé-iṣẹ́ Ìsọlọ̀, ọ̀rọ̀ owó ló sábà máa ń bá rìn: àjọ tí wọ́n ń dá, pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan lọ́nà Ṣágámù, kí ìfẹ̀yìntì má báa bá wọn lójijì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn tí yóò gbé wọn dé inú ilé tí wọ́n bá kọ́ síbẹ̀ ńkọ́?

Ẹ wo ẹnu géètì nígbà tí iṣẹ́ àárọ̀ bá parí. Ẹni tó ti jókòó ti ẹ̀rọ láti òwúrọ̀, tó ń ṣa ike bó ṣe ń já bọ́, inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ló tún ń kó sí, bẹ́ẹ̀ ibùdókọ̀ Aswani kò jìnnà. Ó ti rẹ̀ ẹ́, n kò dá a lẹ́bi. Àmọ́ àárẹ̀ yàtọ̀ sí eré ìdárayá.

Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè, iṣan ẹ̀jẹ̀ a máa le, ògiri ọkàn náà a máa le, kò ní lè fẹ̀ dáadáa gba ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ìjókòó a sì máa yára mú un wá. Ní Dallas, l'Ámẹ́ríkà, lọ́dún 1966, àwọn olùwádìí ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin 5 tó jẹ́ ẹni ogún ọdún dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3. Nígbà tí wọ́n tún yẹ àwọn kan náà wò lẹ́yìn 30 ọdún, agbára tí ọ̀sẹ̀ 3 yẹn gbà lára wọn ju èyí tí 30 ọdún gbà lọ.

Dallas yìí kan náà ni Dókítà Benjamin Levine àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn lọ́dún 2018 pé àwọn tó wà láàárín ọdún 45 sí 64, tí wọ́n ṣe eré ìdárayá fún ọdún 2, ó kéré tán ọjọ́ 4 lọ́sẹ̀, ògiri ọkàn wọn tún rọ̀. Àwọn tó ti lé ní 65 ti gbìyànjú ṣáájú fún ọdún kan. Tiwọn kò rọ̀. Ìrìn ṣì ń ṣe bàbá àgbà lóore o, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó ń fún ẹsẹ̀ lókun. Ṣùgbọ́n àǹfààní kan wà tó ti kọjá.

Ẹni 45 tó ń kà á lórí ìka pé òun ṣì ní ogún ọdún, ogún ọdún yẹn gan-an ni àǹfààní náà. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, tó fi máa làágùn díẹ̀, ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí àyà bá ń dùn, kó kọ́kọ́ dé Ọsibítù Gẹ́nẹ́rà Ìsọlọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́, ẹ̀rọ yín ní ọjọ́ sáfíìsì. Ẹ dá ọjọ́ tí wọn yóò máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀.