Lẹ́tà gbangba sí ẹni tí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn wà níkàáwọ́ rẹ̀: Iléyá tún ń bọ̀

Ọlọ́lá jùlọ,

Orúkọ tí àwa Yorùbá sọ ọdún ẹran ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Iléyá. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilé ti yá, kí oníkálukú máa bọ̀. Ẹni tí kò bá dé ilé ní Iléyá, bó pa àgbò mẹ́ta sí Èkó, ara rẹ̀ kì í lélẹ̀.

Lọ́dún 2024, ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà, ni Iléyá bọ́ sí. Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú rẹ̀, èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta gbéra ní Agége ní aago méjì ọ̀sán. Ìwó là ń lọ, lọ́dọ̀ bàbá mi tí wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Wọ́n ń gba ààwẹ̀ Árafà lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ti sọ lórí fóònù pé àwa làwọn máa bá ṣínu.

A dé Berger, ọkọ̀ dúró. Láti ibẹ̀ dé Kara kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí ọ̀nà bá dá. Wákàtí márùn-ún la fi rìn ín. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó fà á. Ọjà ẹran Kara wà létí odò Ògùn, lẹ́sẹ̀ afárá gígùn, ibẹ̀ sì ni ogunlọ́gọ̀ ará Èkó ti ń ra àgbò. Bí ọdún bá ti kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ẹran á kún inú ọjà, á ya sí etí títì. Ẹni tó fẹ́ rà á á gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á lọ ná an, á fà á bọ̀, á dì í sẹ́yìn ọkọ̀. Dánfó á dúró láti já èrò, á tún dúró láti gbé àgbò. Ọ̀nà mẹ́ta á di méjì, méjì á di ẹyọ kan. Lọ́jọ́ yẹn, tírélà kan kú sórí ẹyọ kan tó kù, ilẹ̀ sì ṣú kí ọkọ̀ tó máa wọ́ ọ tó dé.

Ti ooru kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí obìnrin ṣe ń tọ̀ lórí afárá. Ọkùnrin á kọjú sí odò, ó parí. Àwa sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a ò mọra rí, a tú ìró, a nà án yí ara wa ká, a wá ń bọ́ sáàárín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà kan wà láàárín wa, Ṣakí ni wọ́n ń lọ. Orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lè lóṣòó, àwa méjì la gbé wọn ró. Wọ́n ń bẹ̀ wá pé ká má bínú. Kí ni wọ́n ṣe tí wọ́n fi ń bẹ̀ wá? Ohùn wọn kò tíì kúrò létí mi.

Táńkà epo méjì wà níwájú wa, ọkọ mi kò gbójú kúrò lára wọn. Ẹni tó bá rántí oṣù kẹfà ọdún 2018 mọ ohun tó ń rò. Nígbà náà ni táńkà gbiná ní afárá Ọ̀tẹ́dọlá, tí kò jìnnà sí Berger, tí ọkọ̀ tó lé ní 50 jóná, tí ẹ̀mí sì ṣòfò. Ọkọ̀ tó há kò lè sá.

Aago méjì òru la wọ Ìwó. Bàbá ṣì jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Omi nìkan ni wọ́n fi ṣínu, àmàlà tí wọ́n ní kí wọ́n bò dè wá ti le. Wọ́n gbọ́wọ́ lé orí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kà wọ́n, wọ́n ní, “Ẹ pé.”

Ọlọ́lá, Ìtúnu Ààwẹ̀ lè ká yín mọ́ lójijì, torí òṣùpá alẹ́ ọjọ́ kan là ń wò kí ọdún tó mọ́ wa lọ́jọ́ kejì. Iléyá kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Dhul-Hijjah ni. Tí òṣùpá oṣù náà bá ti lé, a ti mọ ọjọ́ ọdún. Ọjọ́ wo lẹ tún fẹ́ kí wọ́n dá fún yín? Kara kò ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀. Ọ̀nà náà, ọdún 1978 ni wọ́n ti ṣí i, àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013 sì ti sọ ọ́ di ọ̀nà tó ṣeé rìn.

N kò bèèrè afárá tuntun. Tí òṣùpá bá ti lé, ẹ wá pápá tí àwọn oníbàárà Kara máa gbé ọkọ̀ sí, kúrò létí títì. Ẹ má lé àwọn alágbò. Oúnjẹ òòjọ́ wọn ni, ọwọ́ wọn làwa náà sì ti ń rà. Ẹ fi ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ sí orí àti ìdí afárá tọ̀sán-tòru, kí táńkà àti tírélà sì sinmi ní gáréèjì fún ọjọ́ méjì péré. Ẹ bá àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú irin sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Láti 2021 ni èyí tuntun ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn. Nígbà Kérésì 2023 àti 2024, ìjọba ní kí èrò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́fẹ̀ẹ́. A ó sanwó tiwa. Kí ìrìn rẹ̀ ṣáà pọ̀ sí i lọ́sẹ̀ Iléyá.

Bàbá ti ń bi mí pé aago mélòó la máa gbéra lọ́dún yìí. Mo ní tí oòrùn bá ti wọ̀, kí wọ́n jẹun. Wọ́n ní àwọn á dúró dè wá.

Èmi ni,
Ọmọ Ìwó kan tó ń gbé ní Agége.