Kàlòkàlò Inú Fóònù Ọmọ Yín

Ìyá tó bá gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ wa nítorí ibà, a mọ ohun tí a ó ṣe fún un. Ṣùgbọ́n irú àìlera kan ti wọlé tọ̀ wá báyìí tí kò gba abẹ́rẹ́, tí kò sì gba oògùn. Wọ́n á mú ọmọ ọdún 12 wá: ojú rẹ̀ pọ́n, orí ń fọ́ ọ, ó ń tòògbé ní kíláàsì, oúnjẹ kò wù ú. A ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, a kò ní rí ibà. Bí a bá wá bi í pé aago mélòó ló sùn lánàá, yóò máa wo ojú ìyá rẹ̀. Bọ́ọ̀lù orí fóònù ló ń gbá títí di aago méjì òru.

Ẹ má ṣe rò pé mo wá bú eré. Ọmọ tí kì í ṣeré ni kí ẹ máa bẹ̀rù fún. Èmi pàápàá a máa ta ludo lórí fóònù mi bí kò bá sí aláìsàn nílẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀gá wa yóò ka èyí. Ọjà tí wọ́n gbé pamọ́ sínú eré ni mo ń bá jà. Nídìí ayò, ọ̀ta a máa pa òpè, ṣùgbọ́n ọpọ́n kì í sọ fún òpè pé kó mú owó wá kí òun lè fún un ní ọmọ ayò tó dára ju ti ọ̀ta lọ.

Ẹ wo eré bọ́ọ̀lù FIFA, èyí tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí EA Sports FC ní ọdún 2023. Ọmọ fẹ́ kó àwọn gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù jọ sínú ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ọ̀nà kan tó yá ni kí ó fi owó ra páálí dídì. Ó lè tú u kí ó bá Mbappé níbẹ̀, ó sì lè tú u kí ó bá ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Irú páálí oríire báyìí ni àwọn Òyìnbó ń pè ní loot box. Owó náà gan-an, wọn kì í jẹ́ kí ó jọ owó. Owó gidi ni ẹ ó kọ́kọ́ fi ra owó eré, bíi V-Bucks ti Fortnite, ọmọ yóò sì máa ná an bí ẹni ń da yanrìn, nítorí kò jọ owó ìyá rẹ̀ mọ́ lójú rẹ̀.

Kí ló dé tí kò lè fi í sílẹ̀? Ní ọdún 1957, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, B. F. Skinner, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé jáde nípa ohun tí wọ́n rí lára ẹyẹlé. Wọ́n fi ẹyẹlé sínú àpótí, wọ́n kọ́ ọ láti máa fi àgógó kan ibì kan kí oúnjẹ tó jáde. Èyí tí oúnjẹ rẹ̀ ń jáde nígbà gbogbo, bí oúnjẹ bá dáwọ́ dúró, kì í pẹ́ tí òun náà fi ń jáwọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí oúnjẹ rẹ̀ kò ní ìgbà, tó lè jáde ní ìgbà karùn-ún, tó sì lè di ìgbà àádọ́ta kó tó jáde, kì í sinmi. Á ṣáà máa kàn án ni. Bí kàlòkàlò ṣe ń mú àgbàlagbà mọ́lẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni páálí inú eré ṣe ń mú ọmọ.

Ìyá kan wà ní àdúgbò wa, owó tó fẹ́ fi ra ọjà ni ọmọ rẹ̀ fi ra páálí láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ó na ọmọ náà títí ara rẹ̀ fi bó, ó wá mú un wá kí n tọ́jú ọgbẹ́. Mo tọ́jú ọgbẹ́. Mo sì sọ fún ìyá náà pé àwọn àgbà tó kàwé ló jókòó ronú bí wọn yóò ṣe mú ọmọ ọdún 11, kò sì sí bí ọmọ náà ì bá ṣe borí wọn.

Orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù kò dákẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, àjọ tó ń ṣọ́ tẹ́tẹ́ níbẹ̀ sọ pé páálí inú FIFA 18 rú òfin tẹ́tẹ́, nígbà tó sì di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, ilé iṣẹ́ tó ṣe é dáwọ́ títa owó eré náà dúró níbẹ̀. Ní Nẹ́dálándì, wọ́n bu ìtanràn mílíọ̀nù 10 yúrò lé ilé iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ fagi lé e ní ọdún 2022, wọ́n ní páálí náà kò dá dúró, pé ara eré tó gba ọgbọ́n ni. Èmi kò gba ìdájọ́ yẹn. Bí a bá da ògógóró sínú ògì ọmọ, ṣé a ó ṣì máa pè é ní ògì? Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba Bràsílì fọwọ́ sí òfin tó ka irú páálí bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ nínú eré àwọn ọmọdé. Ní tiwa ńkọ́? Ọmọ tí kò pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ wọ ilé tẹ́tẹ́, àmọ́ a jẹ́ kí ilé tẹ́tẹ́ wọ yàrá rẹ̀.

Ẹ yọ káàdì báǹkì yín kúrò lórí fóònù tí ọmọ ń lò, ẹ má sì jẹ́ kó mọ nọ́ńbà àṣírí yín. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọ̀dọ̀ yín ni kí fóònù sùn. Ọmọ ọdún 6 sí 12 ní láti sun oorun wákàtí 9 sí 12, èyí tó jẹ́ 13 sí 18 ní láti sun wákàtí 8 sí 10. Ẹ jókòó tì í lọ́jọ́ kan, ẹ ní kó fi eré náà hàn yín, kí ẹ jọ ṣírò iye tó ti bá a lọ.

Ẹ má sì sáré pe ọmọ ní aláìsàn. Láti ọdún 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń lo ìwé àìsàn tuntun tó ka bárakú eré orí ẹ̀rọ mọ́ àìsàn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ọmọ kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu mọ́, tó pa ìwé àti ọ̀rẹ́ tì, tí kò dáwọ́ dúró bó tilẹ̀ ń pa á lára, tí èyí sì ti tó nǹkan bí oṣù 12. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ mú un lọ rí dókítà ọpọlọ. Ilé ìwòsàn Aro l'Ábẹ́òkúta kì í ṣe ti àwọn tó ń já ewé lójú pópó nìkan. Ẹ kọ iye wákàtí tó fi ń sùn àti iye owó tó ti ná sínú ìwé kékeré, kí ẹ mú un dání lọ, nítorí ohun tí dókítà yóò kọ́kọ́ bi yín nìyẹn.