Ta ló ní itẹ́ òkú kì í sá lọ?

Ìbẹ̀rù itẹ́ òkú yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ wa! Bí ìnáwó òkú bá ti parí, ó parí nìyẹn. Àwọn ọmọ wa mọ gáréèjì Mando dáadáa, wọn ò mọ ibi tí àwọn tó bá rélùwéè gòkè wá sùn sí, kí Kàdúná tó di olú ìlú Àríwá ní 1917.

Àwọn kan ní itẹ́ òkú kì í sá lọ. Irọ́ ni! Itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ l'Ékòó ni wọ́n sin Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther sí nígbà tó kú ní 1891. Ìjọba Mobolaji Johnson wó o. Crowther rí ẹni gbé e lọ sí Kàtídírà ní Marina, torí ó lórúkọ. Káfíńtà rélùwéè ńkọ́? Ìyá alátẹ tó kú sí Kàdúná ńkọ́?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ tó ń dáwó aṣọ ẹbí (àwa náà ń tà á o), ẹ dá owó àdá mọ́ ọn. Ká lọ ṣánko, káwọn ọmọ kọ orúkọ ara òkúta sílẹ̀. Èyí tí ò ní òkúta, ká bi àwọn àgbà léèrè lọ́sẹ̀ yìí.