Ọwọ́ Àrólákẹ́ Ni Àdó Náà Ti Wá

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2024, tí Kúnlé Afọláyan ti gbé eré alápá mẹ́fà tí ó tẹ̀ lé fíìmù Aníkúlápó jáde lórí Netflix, àríyànjiyàn kan ti wà láàárín àwa obìnrin etíkun Àgbádárìgì tí kò tíì tán. Ní ọjà Àgbálátà, ní ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, ní àyíká ìkòkò tí a fi ń se òróró àgbọn, ìbéèrè kan náà ni ó ń jáde lẹ́nu wọn: bí ẹni tí ó ti kú bá jí, tí ìyá rẹ̀ sì ti gbá a mọ́ra, ó ha tọ́ kí a tún wá gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ bí?

Àwọn kan ti wo eré náà dé òpin, àwọn mìíràn kò sì tíì débẹ̀. Nítorí náà n kò ní sọ bí apá kẹfà ti parí. Ìwà ìkà ni kí ènìyàn ba ìtàn jẹ́ mọ́ ẹni tí ó ń ṣọ́ owó dátà rẹ̀ ná lọ́wọ́. Òpin tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni ti fíìmù àkọ́kọ́, èyí tí ó jáde ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, nítorí pé inú òpin yẹn ni a ti bí gbogbo wàhálà tí ó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ kò wò ó rí, báyìí ni ìtàn náà lọ. Sàró, ọ̀dọ́mọkùnrin ahunṣọ, wọ ìlú Ọ̀yọ́ láti wá oríire. Obìnrin ọlọ́rọ̀ kan, Awárùn, fà á mọ́ra. Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ni ó ṣe ipò yìí, ẹ sì mọ̀ pé ibi tí obìnrin yẹn bá jókòó sí, ojú kì í kúrò níbẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, ojú Sàró bọ́ sára Àrólákẹ́, olorì tí ó kéré jù láàfin, ẹni tí ìdùnnú rẹ̀ kò tó nǹkan láàárín àwọn orogún. Àṣírí tú, wọ́n sì lu Sàró pa. Ẹyẹ àkàlà, ẹyẹ tí ìtàn náà sọ pé ó máa ń jí ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, bà sí ìdí òkú náà. Àrólákẹ́ wà nítòsí. Ó lé ẹyẹ náà, ó sì mú àdó tí agbára wà nínú rẹ̀. Òun àti Sàró sá lọ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n, níbẹ̀ ni Sàró sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jí òkú, tí òkìkí rẹ̀ kàn, tí wọ́n fi ń pè é ní Aníkúlápó, ẹni tí ó ní ikú nínú àpò. (Orúkọ yìí náà ni Fẹlá fún ara rẹ̀ láyé ọjọ́un, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sí nínú ọ̀rọ̀ wa lónìí.)

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀. Àpò ta ni ikú wà? Ọwọ́ ta ni àdó náà ti wá? Ẹni tí ó wà nílẹ̀ tí kò mí ni Sàró. Obìnrin tí ó fi ààfin sílẹ̀, tí ó dúró nínú igbó lóru, tí ó kojú ẹyẹ abàmì, òun ni ó gba nǹkan náà. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ará ìlú ń dọ̀bálẹ̀ tí wọ́n ń kúnlẹ̀, ta ni wọ́n ń kí? N kò tíì rí ìyàwó ilé kan tí kò mirí nígbà tí mo bi í ní ìbéèrè yìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó fi owó àjọ ra ẹ̀rọ tí ọkọ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí ó jẹ́ pé orúkọ ọkọ ni wọ́n kọ sára ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e kò yà wá lẹ́nu. Owó dé, ọlá dé, Sàró sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìyàwó jọ. Àrólákẹ́ kò rí ọmọ bí, èyí sì wá di ohun tí a fi ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ dó. Nígbà tí ọmọ ọba ìlú náà kú, tí a bẹ Sàró pé kí ó jí i, ó ní àfi bí wọ́n bá fi ọmọbìnrin ọba fún òun ṣaya. Ìgbéraga yìí ni ó dé góńgó. Àrólákẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, àdó náà kò sì jẹ́ fún un mọ́. Ó pe òkú títí, òkú kò dáhùn.

Mo gbọ́ bí àwọn ọmọge ṣe pàtẹ́wọ́ níbi tí a ti jọ wò ó. "Ó tó ọ!" ni wọ́n ń wí, inú èmi náà sì dùn, n kò ní purọ́. Bimbo Adémóyè ṣe Àrólákẹ́ débi pé bí ó bá tijú, ìwọ náà á tijú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, mo rántí pé òkú kan ṣì wà nílẹ̀. Ọmọ ọba yẹn kò jí. Ó ní ìyá. Ìyá náà kò fẹ́ Sàró, kò kó orogún bá Àrólákẹ́, kò sì sí nínú ìjà wọn rárá. Ọmọ rẹ̀ ni ó sì fi san gbèsè ìjà náà. Ẹ̀san tí ó dùn mọ́ wa nínú bẹ́ẹ̀, orí ìyá ọlọ́mọ ni ó já lé.

Èyí gan-an ni eré ọdún 2024 wá mú ṣe igi lẹ́yìn ọgbà ìtàn rẹ̀. Sàró dé ọ̀run, wọn kò gbà á. Wọ́n ní kí ó padà sáyé lọ kó gbogbo àwọn tí ó ti jí wá, nítorí pé kò ní àṣẹ láti jí wọn. Bí a bá fi ojú ọ̀run wò ó, ìdájọ́ náà tọ́: ohun tí a jí gbé, kí a dá a padà. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run kọ́ ni a fi ń tọ́ ọmọ. Sàró ni ó jalè, àwọn ìdílé tí kò jalè ni wọ́n sì ní kí wọ́n wá sọkún ẹ̀ẹ̀kejì. Mo gbà pé ibi tí ìtàn náà ti ga jù lọ nìyí, mo sì tún gbà pé ibẹ̀ ni ó ti ṣe àìdáa jù lọ.

Ẹ má ṣe rò pé Ṣọlá Dada tí ó kọ ìtàn yìí kàn já ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́. Àwọn ìyá wa bá a gbé inú ilé. Málọmọ́, Dúrósinmi, Bánjókòó, Kòsọ́kọ́: ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo orúkọ wọ̀nyí, tí abiyamọ ń fi bẹ ọmọ tí ó rò pé ó ti wá tí ó sì ti lọ rí. Kòsọ́kọ́ ń wí pé kò sí ọkọ́ mọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sin òkú. Ẹ sì wò ó, ọba alágbára ni Kòsọ́kọ́ tí ó lé Akítóyè kúrò lórí oyè Èkó ní ọdún 1845, tí Akítóyè fi wá fi Àgbádárìgì wa yìí ṣe ibi ìsádi. Ṣùgbọ́n nínú ọkùnrin líle yẹn, orúkọ tí ìyá kan fi bẹ̀bẹ̀ ni a ń pè. Lónìí, àwọn oníṣègùn ti jẹ́ kí ó yé wa pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a ń pè ní àbíkú, àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń pa wọ́n, èyí tí Yorùbá fún ní orúkọ tí ó bá ìtàn Sàró mu wẹ́kú: fòníkú-fọ̀ladìde. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí ọmọ náà jẹ́ SS. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ṣe ìgbéyàwó lára àwọn tí ń ka ojú ewé yìí, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó dá ọjọ́.

Akúdàáyà náà ńkọ́? Ta ni kò gbọ́ ìtàn ẹni tí ó kú ní ìlú rẹ̀, tí a wá rí i ní ìlú mìíràn, tí ó gbé ìyàwó, tí ó ń tajà, tí ó sì pòórá lọ́jọ́ tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n rí dé ibẹ̀? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ohun tí ó máa ń dẹ́rù bà mí nínú ìtàn náà ni òkú. Nísinsìnyí tí mo ti di ìyá, ìyàwó tí ó jí lówùúrọ̀ tí ó bá ibùsùn lófo ni ó ń ká mi lára.

Ó sì lè jẹ́ pé ilẹ̀ tí a ń gbé ni ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára ju àwọn ará ibòmíràn lọ. Ní erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fù, ní òdìkejì ọ̀sà, kànga kan wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà lọ sí etí òkun. Ìtàn ìlú sọ pé wọ́n máa ń mú kí wọ́n mu omi rẹ̀, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ẹni tí ó lọ ni wọ́n fún lómi ìgbàgbé. Ìyá tí ó kù sẹ́yìn kò rí omi kankan mu.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ eré náà gan-an kò ní pẹ́ lẹ́nu mi. Ìlú ìṣeré tí Kúnlé Afọláyan kọ́ sí Igbójàáyè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dára púpọ̀; aṣọ wọn, ìkòkò wọn, ilé wọn, ó fani mọ́ra. Ẹyẹ àkàlà, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni, ó sì hàn bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ti dàgbà pẹ̀lú Zangbeto àwọn Ègùn, tí a ti rí i tí ó ń yí bí òòyì lójú ọ̀sán gangan, a kì í tètè bẹ̀rù ohun tí ẹ̀rọ yà. Nínú eré alápá mẹ́fà náà, ọ̀rọ̀ òṣèlú Ọ̀yọ́ gba àyè ju bí mo ti fẹ́ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó ṣe Baṣọ̀run mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò sì yẹ kí ó yà wá lẹ́nu, ọmọ bíbí Hubert Ògúndé ni. Kúnlé fúnra rẹ̀, ọmọ Adéyẹmí Afọláyan ni, Adé Love tí ó ṣe Kádàrá ní ọdún 1980. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí àwọn bàbá wọ̀nyí ṣe máa ń pa ìtàn dé. Nínú Aiyé tí Ògúndé ṣe ní ọdún 1979, ibi ṣubú, ire lékè, a sì lọ sílé sùn. Àwọn ọmọ wọn kò jẹ́ kí a sùn. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ kéékèèké jókòó tì yín wò ó, kì í ṣe tiwọn.

Ìyàwó kékeré kan wà ní Ajárá, ọmọ rẹ̀ àkọ́bí kò sí mọ́. Ó wo fíìmù àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wo eré alápá mẹ́fà náà dé apá karùn-ún, ó wá dúró. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rù ń bà á. Mo bi í pé kí ló dé.

Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Bí n kò bá wò ó, wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn ìyá wọn."

N kò rí èsì fún un. Títí di ìgbà tí mo ń kọ ìwé yìí, apá kẹfà ṣì wà nínú fóònù rẹ̀, kò tíì ṣí i.