Kí ni ó fúyẹ́ nínú áìsìkíríìmù "light"?

 

Lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti Mẹ́ńdé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòṣọ̀fẹ́, ní Èkó. Ìyàwó tí ó kọ ọ́ ní ọmọ oṣù 18 lọ́wọ́, oyún oṣù márùn-ún wà nínú rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ tí àrùn àtọ̀gbẹ ń bá fínra sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, ọkọ rẹ̀ a máa ra áìsìkíríìmù onírọ́bà kan bọ̀ láti súpámákẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n kọ "light" sí lára. Gbogbo ilé ni í lá a, nítorí wọ́n gbà pé kò ní ọ̀rá, kò sì ní ṣúgà. Ó wá béèrè pé, ṣé oore ni òun ń ṣe ìyá àti ọmọ yìí, àbí òun ń fi adùn pa wọ́n lára?

Ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí á jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ní Èkó, bí ọmọdé bá pariwo "light", iná mànàmáná ni ọkàn gbogbo wa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n lára áìsìkíríìmù, ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé nǹkan kan dín nínú rẹ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin sọ pé ọ̀rá wàrà inú áìsìkíríìmù kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 10 nínú 100. Èyí tí yóò bá jẹ́ "light", ọ̀rá rẹ̀ gbọ́dọ̀ dín ní ìdajì, tàbí kí agbára tí ó ń fún ara, tí à ń pè ní kálórì, dín ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Òfin náà kò sọ pé dandan ni kí ṣúgà dín. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọ̀rá ni ó ń mú kí áìsìkíríìmù rọ̀, kí ó sì máa yọ́ lẹ́nu. Bí a bá dín in kù, omi inú rẹ̀ yóò dì gbagidi bí yìnyín. Nítorí náà ni àwọn tí ń ṣe é fi ń fi nǹkan mìíràn dí àlàfo rẹ̀. Èkíní ni afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń lù mọ́ ọn. Ó lè tó ìdajì ohun tí ó kún inú rọ́bà náà. Èkejì ni àwọn ohun tí ń mú un ki, tí ń so omi rẹ̀ pọ̀. Ara koríko inú òkun ni wọ́n ti ń rí E407. E410 ni wọ́n ń pè ní "locust bean gum". Òótọ́ ni pé "locust bean" ni àwọn Òyìnbó ń pe irú tí a fi ń se ọbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe irú tiwa. Èso igi kan tí ń hù ní agbègbè Òkun Mẹditaréníà ni. Ẹ̀kẹta ni E471, tí a ń rí láti ara òróró, tí ń jẹ́ kí ọ̀rá àti omi gbà láti máa gbé pọ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí kò yẹ kí ó dẹ́rù bà wá, nítorí díẹ̀ ni wọ́n ń lò nínú rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí á fara balẹ̀ wò ni adùn. Ká kọ́kọ́ mú ti Màmá. Ẹ yí rọ́bà náà padà, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ wo "serving size", èyíinì ni ìwọ̀n tí wọ́n kà sí jíjẹ ẹ̀ẹ̀kan, nítorí pé ìwọ̀n kékeré yẹn ni gbogbo iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ wà fún. Lẹ́yìn náà, ẹ wo "sugars" àti "total carbohydrate". Ká ní wọ́n kọ gíráàmù 16 fún ṣúgà, tí Màmá sì lá ìlọ́po mẹ́ta, gíráàmù 48 ni wọ́n lá yẹn. Gíráàmù mẹ́rin ni ṣíbí tíì kan. Ṣíbí 12 nìyẹn! Bẹ́ẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà tí à ń fi kún oúnjẹ má kọjá nǹkan bí gíráàmù 50 lójúmọ́ fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, àti pé bí ó bá lè dín sí 25, ó sàn jù.

Àwọn mìíràn kò ní ṣúgà púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní adùn àtọwọ́dá bí E951 tàbí E955, tàbí E420 àti E965 tí ń mú inú kùn, tí ó sì lè fa ìgbẹ́ gbuuru bí a bá jẹ ẹ́ jù. E965 ṣì lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ gòkè díẹ̀. Nítorí náà, kí Màmá má ṣe lá èyíkéyìí láìjẹ́ pé dókítà wọn mọ̀ sí i, kí ó sì jẹ́ ìwọ̀n kan péré.

Ní ti ọmọ oṣù 18, áìsìkíríìmù "light" kì í ṣe tirẹ̀ rárá. Ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń dàgbà, ọ̀rá sì wà lára ohun tí ara fi ń kọ́ ọ. Ikùn rẹ̀ kéré. Bí a bá fi afẹ́fẹ́ àti adùn kún un, àyè wo ni yóò kù fún ẹyin, ẹja àti mọ́ínmọ́ín? Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá nímọ̀ràn pé kí á má ṣe fún ọmọ oṣù 6 sí 23 ní oúnjẹ tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀, kí á má sì fún un ní adùn àtọwọ́dá. Fún àwọn ẹ̀gbọ́n tí ó jù ú lọ, ẹ máa ṣọ́ àwọ̀ pupa rúsúrúsú tí ń jẹ́ E102. Láti ọdún 2010 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti ní kí wọ́n máa kọ ọ́ sára oúnjẹ tí ó bá ní i pé ó lè da ìwà àti àfiyèsí ọmọdé rú.

Ó wá ku ìyàwó wa fúnra rẹ̀, àti iná mànàmáná tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Kòkòrò àìrí kan wà tí ń jẹ́ Listeria, tí òtútù fírísà kì í pa. Ní ọdún 2015, wọ́n rí i pé áìsìkíríìmù ilé iṣẹ́ Blue Bell ní Amẹ́ríkà ti kó o ran ènìyàn 10, mẹ́ta sì kú. Fún aboyún, ó lè ba oyún jẹ́. Irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ fún wákàtí púpọ̀, tí áìsìkíríìmù yọ́, kòkòrò tí ó bá wà nínú rẹ̀ yóò ráyè bí sí i, dídì tí ó bá tún dì kò sì ní pa á. Bí ẹ bá rí i pé rọ́bà náà ti wú tàbí tí ó ti tẹ̀, tí yìnyín gbọ̀ọ̀rọ̀ bò ó lójú, tàbí tí ó ti wọlẹ̀ nínú rọ́bà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń tà á. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé nọ́ńbà náà ń sọ pé wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni; kò sọ pé ó bá alátọ̀gbẹ tàbí ọmọ ọwọ́ mu.

Bí Sátidé bá dé, ẹ gbìyànjú èyí. Ẹ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó pọ́n dáadáa ní ọjà Máìlì 12. Ẹ bó o, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ gbé e sínú fírísà di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ pẹ̀lú yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà títí yóò fi kúnná. Ẹ jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ lè jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Kí Màmá jẹ ṣíbí méjì tàbí mẹ́ta, nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ní ṣúgà tirẹ̀.

Kí ìyàwó wa má bá ọkọ rẹ̀ jà o. Ìfẹ́ ni ó mú un ra nǹkan bọ̀ wálé. Kí ó rọra fi ẹ̀yìn rọ́bà náà hàn án, kí wọ́n jọ kà á. Adùn ni í gbẹ̀yìn ewúro. Kí ìkorò má ṣe gbẹ̀yìn áìsìkíríìmù nínú ilé wa.

Ó di oṣù tí ń bọ̀.