Kókó Jẹjẹrẹ Wa Lára Eku Òkèèrè

Obìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú bá mú ní etíkun Àgbádárìgì, títí dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, kò ṣàì ní í wá sí Èkó. Ní Ìdí-Àràbà, nínú ọgbà LUTH, a ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan ní 2019. Ọ̀nà jìn, owó oògùn sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ká wa lára jù ni pé kò sí ẹni tí ó lè sọ tẹ́lẹ̀ dájú bí kókó tirẹ̀ yóò gbọ́ oògùn náà.

Àwọn onímọ̀ ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń wádìí èyí. Wọn a gé díẹ̀ nínú kókó aláìsàn, wọn a lọ́ ọ sára eku, bí àgbẹ̀ ti ń lọ́ ẹ̀ka ọsàn sára igi mìíràn. Kì í ṣe eku ilé o. Eku tí ara rẹ̀ kò lágbára àtilé ohun àjèjì ni. Rygaard àti Povlsen ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é yọrí ní Copenhagen ní 1969. Bí kókó bá dàgbà, wọn a fún àwọn eku ní oògùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn a sì wo èyí tí ó mú un súnkì.

Ọwọ́ wa wà nínú iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1963, láti inú kókó ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdékùnrin Nàìjíríà kan, Pulvertaft mú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a ń pè ní Raji jáde. Títí di òní ni wọ́n ń lọ́ wọn sára eku ní òkèèrè láti dán oògùn titun wò. Anomah Ngu, ọmọ Kamẹrúùnù tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Lasker ní 1972 nítorí fífi oògùn wo jẹjẹrẹ kan náà.

Síbẹ̀, ara àwọn aláwọ̀ funfun ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn kókó tí a ń lọ́ ti wá, bẹ́ẹ̀ ni irú jẹjẹrẹ ọmú tí oògùn adènà họ́mónù kì í ràn wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin tiwa jù tiwọn lọ.

Àwa kò wí pé eku ni yóò wo aláìsàn òní sàn. Ó lè gba oṣù púpọ̀ kí kókó tó dàgbà, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní í mú. Oògùn tí ń ru agbára ara sókè kò sì ṣeé dánwò dáradára lára eku tí kò ní agbára náà. Àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò jèrè.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́, bí àwọn tí ń wá ìbò bá tún dé Àgbádárìgì, ẹ bi wọ́n léèrè: ta ni yóò kọ́ ilé eku ìwádìí tí iná kì í kú sí Ìbàdàn tàbí Ìdí-Àràbà, níbi tí a ó ti gba àṣẹ lẹ́nu aláìsàn kí a tó mú ohunkóhun lára rẹ̀?